Wọn Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ: Ìbẹ̀wò Wa sí Lálúpọn àti Àwọn Ìlú Agbègbè Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú ìdílé yín mọ̀ pé bí a bá ti ìrìn-àjò ìhìnrere dé, ìròyìn ayọ̀ ni a máa ń mú wá: iye ọkàn tí ó yípadà, àwọn aláìsàn tí ara wọn yá, ilé ìsìn tuntun tí a ṣí. Ọlọ́run ṣe gbogbo ìwọ̀nyí nínú ìrìn-àjò tí a fẹ́ sọ yìí pẹ̀lú, ògo ni fún orúkọ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo jùlọ lọ́kàn wa ni àṣìṣe kan tí àwa tìkára wa ṣe lórí pẹpẹ, àti bí Olúwa ṣe fi òkúta dúdú kan là wá lójú.

Àwọn ìjọ kéékèèké tí ó wà ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Làgelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Akínyẹlé ni a lọ bẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Láti Ìwó Road ní Ìbàdàn ni a ti wọ ọkọ̀, a gba Ìyànà-Ọ̀ffà kọjá, a sì forí lé Lálúpọn. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ tí ó ti rin ọ̀nà náà kẹ́yìn yóò rí ìyàtọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ṣì wà, àwọn ìyá ṣì ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà, ṣùgbọ́n òkúta sọ̀fíyọ̀ ti wà káàkiri inú oko. Lára ògiri ni wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àpò èédú igi tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ẹnu ọ̀nà ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó lórí ọ̀kadà, wọ́n ń retí èrò tí kò tètè dé.

Lálúpọn, ìlú ojú irin ni. Lẹ́yìn tí rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1901, wọ́n na irin náà gba ìhín lọ sí Ìwó àti Ọ̀ṣogbo, títí ó fi dé Kánò ní 1912. Àwọn àgbà ìlú sọ fún wa pé nígbà kan, fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago wọn. Bí ó bá ti dún, àwọn ìyá a gbé igbá ẹ̀kọ àti ẹ̀wà lé orí, wọn a sáré lọ sí ibùdókọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, koríko ti hù sí àárín irin náà, ewúrẹ́ sì ń jẹ ún.

Ọjọ́ Ìsinmi ni a kọ́kọ́ wàásù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. A ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó lórí ọ̀kadà, a ti rí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tí ń ta ayò lábẹ́ igi láàárọ̀, ọkàn wa sì gbóná. A ṣí ìwé Tẹsalóníkà Kejì, orí 3, ẹsẹ 10, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bá ìjọ wí nípa ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ tí ó sì fẹ́ jẹun. A tún fi ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, tí gbogbo wa kọ́ sórí nínú Aláwìíyé, gbè é lẹ́sẹ̀. A na ìka sí àwọn ọkùnrin ìjọ, a ní ọ̀lẹ ni ó ń ba ilé jẹ́. Àwọn kan ké Àmín. Ọkùnrin kan tí ó jókòó ní ìlà kẹta, tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, dìde wẹ́rẹ́, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. A rò pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó gún un. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé ẹnu wa ni ó gún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ọkùnrin yìí ránṣẹ́ pè wá. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ojú irin. Kò bá wa jà. Ó ní kí wọ́n bu omi fún wa, ó bi wá léèrè àlàáfíà àwọn ará ilé wa, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí abẹ́ àga, ó mú agolo mílíìkì àtijọ́ kan jáde. Inú agolo náà ni òkúta dúdú kan wà, ó tó ẹ̀kúnwọ́, ó sì ń dán.

“Pásítọ̀,” ni bàbá wí, “ẹ mọ èyí?”

A ní èédú ni.

“Èédú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èédú igi tí ẹ rí lẹ́bàá ọ̀nà. Èédú ilẹ̀ ni, láti Enúgu. Òun ni mo fi ṣọ́bìrì kó sínú iná ọkọ̀ ojú irin nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ẹ jókòó dáadáa. Bí ẹ bá mọ ìtàn òkúta yìí, ẹ ó mọ ìdí tí ọmọ mi fi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Olùkà wa ọ̀wọ́n, ìtàn náà jìn ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó onímọ̀ ilẹ̀ tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn rí èédú ilẹ̀ nínú òkè Údì, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Ṣáájú ìgbà náà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń kó èédú tí rélùwéè wa ń jó wá. Ní 1915 wọ́n ṣí ihò kùsà àkọ́kọ́ ní Ogbete. Nígbà tí ó di 1916, ojú irin ti so Enúgu mọ́ Port Harcourt, ọkọ̀ òkun sì ń ti ibẹ̀ kó èédú wá sí Èkó. Ìlú Enúgu fúnra rẹ̀, èédú ni ó bí i. Àwọn ọkùnrin a wọ inú ihò òkè náà pẹ̀lú àtùpà lórí, wọn a fi dígà gbẹ́ èédú nínú òkùnkùn. Bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí, kí a ka ìwé Jóòbù orí 28. Ọkùnrin Ọlọ́run náà ṣe àpèjúwe àwọn tí ń wa ilẹ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò dé, bí ẹni pé ó ti bá wọn wọlé rí.

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kùsà Iva Valley àti àwọn ọ̀gá wọn ń fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn. Ènìyàn 21 kú. Ìròyìn náà mì gbogbo Nàìjíríà, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjà òmìnira gbóná sí i.

Ní 1950 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ èédú tí a ń pè ní Nigerian Coal Corporation sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1959, èédú tí wọ́n ń wà lọ́dún kan tó nǹkan bí 900,000 tọ́ọ̀nù. Rélùwéè ń rà á, ilé-iṣẹ́ iná ní Ìjọ̀ra l'Ékòó àti ti Ọ̀jí River ń jó o. Ta ni ìbá sọ fún òṣìṣẹ́ kùsà ní ọdún náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti ń kú lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ń kú lọ. Wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956. Rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ tí ń lo dísẹ̀lì. Ní 1967 ogun abẹ́lé dé, iṣẹ́ kùsà dúró, ẹ̀rọ sì bàjẹ́. Ní 1968, kí ogun tó parí, omi Kainji ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní iná mànàmáná. Lẹ́yìn ogun wọ́n tún ihò kùsà ṣí, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà àtijọ́ ti gba ibòmíràn lọ. Ọdún ń gorí ọdún, iye èédú ń dín, iye òṣìṣẹ́ ń dín. Nígbà tí a fi wọ ọ̀rúndún yìí, ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rọ́rọ́.

“Pásítọ̀,” ni bàbá wí, “kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lu agogo pé iṣẹ́ ti tán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lónìí, ọkọ̀ olóoru kan kò jáde mọ́. Lọ́la, wọ́n ní kí àwa méjì máa ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Níkẹyìn wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní àdá kí n máa ṣán koríko ẹ̀gbẹ́ irin. Mo dúpẹ́ pé wọn kò lé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ikú tí ó pa iṣẹ́ ẹni tí ń wa èédú ní Enúgu, òun náà ni ó pa tèmi ní Lálúpọn. A kò mọ ara wa, a kò gbọ́ èdè ara wa, ọ̀kan ṣoṣo ni ikú tí ó pa wá.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Rélùwéè ilẹ̀ wa tí ó ní òṣìṣẹ́ bí 45,000 nígbà tí ó ń gbilẹ̀, òun náà wọ gbèsè ní 1988 débi pé ọkọ̀ kò rìn fún oṣù mẹ́fà. Kì í sì ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èédú sọ di ọlọ́rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kùsà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan gbáko, láti 1984 sí 1985, nítorí pé ìjọba fẹ́ ti àwọn ihò kùsà pa. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ láìrí ohun tí wọ́n bèèrè gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n ń tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi ti èyí tí ó jìn nínú ilẹ̀ kẹ́yìn, Kellingley, ní oṣù Kejìlá 2015. Ní 2024 wọ́n pa ilé-iṣẹ́ iná tí ó ń jó èédú kẹ́yìn níbẹ̀. Òyìnbó tí ó kọ́ wa ní rélùwéè náà kò bọ́ nínú rẹ̀.

Bàbá wá dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò wọ rélùwéè, nítorí bàbá ti rí ibi tí ó ń lọ. Ó wọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni ó fi wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dá iṣẹ́ àfikún dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n pa iṣẹ́ òru tì. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ dúró, àwọn yòókù sì ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó kan àwọn. Owó oṣù di ìdajì, ó di oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan, ó di ìlérí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ẹnu géètì, ó bá àgádágodo ńlá àti mẹ́gàádì kan ṣoṣo tí kò mọ nǹkan kan.

“Ẹ̀yin ẹ gbọ́ èyí,” ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. “Odindi oṣù mẹ́rin ni ọmọ mi fi ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń di oúnjẹ fún un, tí ó ń lọ jókòó sí ibùdókọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà mọ̀. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ pè ní ọ̀lẹ láàárọ̀ yìí.”

Ẹnu wa wọhò. A kò ní èsì kankan.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kun ojú wa. A ṣí Mátíù orí 20, òwe àwọn alágbàṣe ọgbà àjàrà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń wàásù lórí rẹ̀ láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, orí oore-ọ̀fẹ́ ni a sì máa ń gbé e lé. A kò kíyè sí àwọn tí baálé ilé náà bá ní ọjà ní wákàtí kọkànlá. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró láìṣe nǹkan kan. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kò rí ẹni tí yóò bẹ àwọn níṣẹ́. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: kò bá wọn wí, kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ, kò wàásù fún wọn. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ó fún wọn níṣẹ́, ó sì rí i dájú pé owó tí yóò bọ́ ilé ni wọ́n mú lọ. Pọ́ọ̀lù bá ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ wí. Jésù sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò rí iṣẹ́. Ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwa sì ti fi pàṣán ẹni àkọ́kọ́ na ẹnìkejì.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi gba oko ọkùnrin náà lọ. A bá a níbi tí ó ti ń kọ ebè ẹ̀gẹ́. A dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó sáré gbé wa dìde, ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà, ẹ̀yin ni bàbá wa nínú Olúwa.” A ní bàbá tí ó bá ṣẹ ọmọ gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo ti gbọ́, Pásítọ̀.” Kò sọ pé òun ti dárí jì wá, àwa náà kò sì fi agbára mú un. Ó fi ilẹ̀ oko náà hàn wá, éékà méjì péré, ó sì ní àwọn mọ̀lẹ́bí kan fẹ́ kí àwọn ta á fún àwọn tí ń kọ́lé. A gbàdúrà pọ̀ láàárín ebè.

Láti Lálúpọn a lọ sí Èrúnmú ní Ẹgbẹ́dá, a sì gba ibẹ̀ dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà. Ojú tí bàbá là fún wa ni a fi ń wo gbogbo ibẹ̀. Àkànràn yìí ni ìlú Tafa Adéoyè, olórí Àgbẹ́kọ̀yà tí ó dìde ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí ń ga tí kòkó kò sì mówó wọlé tó fún àgbẹ̀. Ní 1986 ìjọba tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká. Àwọn akọ̀wé àti àwọn tí ń ṣọ́ ilé ìpamọ́ kòkó rẹ̀ pàdánù iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Enúgu. Nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan tí a dé, a kò kọ́kọ́ wàásù mọ́. A bèèrè pé, ta ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yín? Ní àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò na ọwọ́. Bí ẹnìkan bá wá nà án, mẹ́wàá a tẹ̀lé e.

Mọ́níyà, ní Akínyẹlé, ni a parí ìrìn-àjò wa sí. Níbẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin tuntun tí a fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021. Ojú irin náà láti Èkó jẹ́ kìlómítà 157. Ilé náà dára, ọkọ̀ náà tutù, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń kó èédú sínú iná níbẹ̀. Iṣẹ́ tuntun dé, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ àtijọ́ kọ́ ni ó sì gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ohun tí ó kù ni pé kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣubú sí àárín méjèèjì láìsí ọwọ́ tí yóò gbé e dìde.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ìdílé Ọlọ́run:

1. Ẹ̀yin ọkọ, bí iṣẹ́ bá ń mì, ẹ sọ fún aya yín nígbà tí ó ń mì, kì í ṣe nígbà tí ó bá wó tán. Oṣù mẹ́rin ní ibùdókọ̀ jẹ́ ẹrù tí Ọlọ́run kò di ru ènìyàn kan ṣoṣo.

2. Ẹ̀yin aya, bí ó bá sọ fún yín, ẹ má fi ṣe orin lọ́jọ́ ìjà. Ọkùnrin tí a bá fi àìríṣẹ́ bú kò ní sọ òótọ́ mọ́.

3. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

4. Ẹ má tètè ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí owó ìsinsìnyí. Owó ilẹ̀ kì í pẹ́ tán, ilẹ̀ tí ó kù ni ó gba ọmọ bàbá wa yìí là.

5. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó na ìka, ẹ na ọwọ́. Bí ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn, tí kò mú ọrẹ wá mọ́, ẹ má pè é ní apadàsẹ́yìn. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ẹ bi í léèrè bí iṣẹ́ ti rí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan fún irú wọn, kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ láti fúnni sì kọ́kọ́ wo inú ilé Ọlọ́run.

Nígbà tí bàbá ń sìn wá jáde, ó fẹ́ fi òkúta dúdú náà ta wá lọ́rẹ. A kò gbà á, a ní ogún àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà ní Lálúpọn ti kọ̀wé sí wa láti ìgbà náà. Ó ní ọmọ bàbá ti ń wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú. Kò tíì wá ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ bá wa fi í sínú àdúrà, kí ẹ sì fi àwa náà sí i.

Kí Olúwa tí ń jáde lọ sí ọjà ní wákàtí kọkànlá rántí gbogbo ẹni tí ó dúró níbẹ̀, kí Ó sì rán wa sí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní orúkọ Jésù, Àmín.